Lẹ́yìn Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Ríbọ́ọ̀nù

Gbígbẹ́ kànga ẹ̀rọ, borehole tí gbogbo wa ń pè é, kọ́ ni iṣẹ́. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó fẹ́ fi kànga ṣe ìrántí òbí wọn àti àwọn tó fẹ́ fi wá ìbò. Ẹni tó bá ti ní owó lọ́wọ́, àárọ̀ ni yóò pe àwọn oníríìgì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, omi ti ń tú jáde, àwọn ọmọdé ti ń jó lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti gbé fóònù sókè tó ń ya fọ́tò. Ìgbà tí ọkọ̀ àwọn oníríìgì bá lọ tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Bí sùmó, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè láti inú kànga, bá jó, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀? Ta ni yóò máa yẹ omi náà wò bóyá ó ṣì dára fún mímu? Ẹ béèrè èyí níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ kan, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe máa wò yín.

Èmi ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Ìsìnkàn. Sùmó tó jó, kọntíróólà tí àrá bàjẹ́, páìpù tó já sínú kànga, tánkì tó ń jò, ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Iṣẹ́ náà kì í tán ní ìgboro nítorí pé gbogbo onílé ló ti di ilé-iṣẹ́ omi fún ara rẹ̀. Kànga tirẹ̀, tánkì tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ṣọ́kàwéè tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Orí àpáta ni ìlú wa sì jókòó lé. Inú ibi tí àpáta ti sán lábẹ́ ilẹ̀ ni omi ń gbà, kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ti máa gbẹ́ ẹ kan. Mo mọ ilé tí wọ́n gbẹ́ kànga lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò rí nǹkan kan, tí ilé tó kàn wọ́n ń pọn omi ní tirẹ̀ tẹ̀rùn-tòjò. Ibi tó sán tó ń gbé omi wá náà ló lè gbé ohun tó wà nínú ṣọ́kàwéè aládùúgbò wá. A máa ń sọ fún onílé pé kí kànga àti ṣọ́kàwéè jìnnà síra tó ọgbọ̀n mítà, onílé á rẹ́rìn-ín, nítorí pé ilẹ̀ tó rà látòkè délẹ̀ kò tó ọgbọ̀n mítà.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà, ló fà á tí mo fi kọ èyí. Ó fi fọ́tò kan sórí WhatsApp ẹbí wa, ife kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi ní ilé ìdáná rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí sùmó, kò sí tánkì, kò sí píọ̀ wọ́tà. Mo kàn ń ṣí i ni, mo ń mu ún." Àwọn yòókù ń fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Èmi bi í pé níbo ni omi náà ti wá. Ó ní inú ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ kì í bí omi, kó wádìí. Kò wádìí, nítorí náà èmi ni mo jókòó sídìí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Inú adágún kan tí wọ́n ń pè ní Shoal Lake ni omi Winnipeg ti ń wá, ní ààlà ìpínlẹ̀ Manitoba àti Ontario. Wọ́n fi kọnkéré mọ ojú omi kan láti ibẹ̀ dé ìlú, gígùn rẹ̀ lé ní 150 kìlómítà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1919. Adágún náà ga ju ìlú lọ, nítorí náà omi kàn ń ṣàn wálé fúnra rẹ̀ ni, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi bá sùmó jà, nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fojú inú wò ó pé omi ń ti itòsí Benin ṣàn wá sí Àkúrẹ́ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí ẹnikẹ́ni kò ra epo sí i.

Àmọ́ èèyàn ń gbé létí adágún náà kí Winnipeg tó dé ibẹ̀. Àwọn Anishinaabe ni, wọ́n wà lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí Kánádà ń pè ní First Nations. Orúkọ tí ìjọba fún ìlú wọn ni Shoal Lake 40. Odò kan wà níbẹ̀ tó ń gbé omi dúdú láti inú irà wọ ibi tí Winnipeg fẹ́ ti máa fa omi. Àwọn oníṣẹ́ mọ odi dí i, wọ́n sì la ọ̀nà omi tuntun kí omi dúdú náà lè gba ibòmíràn lọ. Ọ̀nà tuntun yìí gé ilẹ̀ àwọn Anishinaabe kúrò lára ilẹ̀ ńlá, wọ́n bá ara wọn lórí erékùṣù, omi tí Winnipeg kò fẹ́ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Omi tó mọ́ lọ sí ìlú ńlá, omi irà lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀.

Láti 1997 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún Shoal Lake 40 pé kí wọ́n má mu omi wọn láì sè é. Wọn kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń sọ omi di mímọ́, wọn kò sì ní ọ̀nà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé omi inú ìgò wá fún wọn. Nígbà òtútù, orí yìnyín ni wọ́n ń rìn kọjá, yìnyín tí kò bá tíì le tó sì máa ń já mọ́ èèyàn nídìí, ẹ̀mí ti bá a lọ. Wọ́n sọ fún wọn pé kíkọ́ ilé-iṣẹ́ omi síbi tí kò sí ọ̀nà wọ́n jù. Kò sí ọ̀nà, nítorí náà kò sí omi. Ta ló sì sọ ibẹ̀ di erékùṣù?

Ní 2014, wọ́n ṣí ilé ńlá kan ní Winnipeg, ilé àkójọ ohun ìrántí lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n ṣe adágún kékeré sínú rẹ̀ kí àwọn àlejò lè jókòó tì í kí wọ́n máa ronú. Omi Shoal Lake ló wà nínú adágún náà, nítorí pé òun ló wà nínú gbogbo ẹ̀rọ ìlú. Àwọn Shoal Lake 40 náà ṣí tiwọn lórí erékùṣù wọn. Wọ́n pè é ní ilé àkójọ bí Kánádà ṣe ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, gbogbo ìlú ni ohun tí wọ́n pàtẹ, àwọn fúnra wọn ló sì ń mú àlejò yíká. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ èébú bú.

Ọ̀nà náà, Freedom Road ni wọ́n pè é, ṣí ní June 2019. Ilé-iṣẹ́ omi wọn ṣí ní September 2021, owó tí wọ́n ná lé e tó mílíọ̀nù 33 dọ́là Kánádà. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín 1919 àti 2021 fúnra yín.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ba omi mi jẹ́." Mo ní omi rẹ kò bàjẹ́, máa mu ún lọ.

Mo rò pé bóyá ìlú kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀. Ó pọ̀. Nígbà tí Justin Trudeau wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Kánádà ní 2015, ó ṣèlérí pé láàárín ọdún márùn-ún, kò ní sí ìlú ọmọ ìbílẹ̀ kan tí ìkìlọ̀ omi yóò ti pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́, March 2021 ni gbèdéke. Ìkìlọ̀ tó lé ní 100 ló wà nílẹ̀ nígbà náà. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ti mú kúrò láti ìgbà náà ju 140 lọ. Ẹ rí i pé èyí ju iye tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ: bí wọ́n ṣe ń mú èyí kúrò ni òmíràn ń wọlé. March 2021 dé, ó kọjá, ìkìlọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ìkìlọ̀ náà sì pín sí mẹ́ta. Èkíní ni kí ẹ máa se omi kí ẹ tó mu ún. Èkejì ni kí ẹ má mu ún rárá, bí ẹ tilẹ̀ sè é. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ má fi ṣe ohunkóhun, ìwẹ̀ pàápàá. Àwọn èèyàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀. Iná ń pa kòkòrò, kì í yọ oògùn olóró. Ní Grassy Narrows, ní Ontario, ilé-iṣẹ́ bébà kan da mẹ́kúrì sínú odò láàárín 1962 sí 1970, ó wọ inú ẹja, ẹja wọ inú èèyàn, àìsàn rẹ̀ ṣì ń bá wọn fínra títí dòní. Ìkòkò wo lẹ fẹ́ gbé ka iná fún ìyẹn? Ẹ bi àwọn ará Ìlàjẹ tiwa náà lápá ìsàlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí. Ayétòrò wà létí òkun, omi yí wọn ká, iyọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é títí di ọ̀la, á tún níyọ̀ sí i ni.

Ọ̀rọ̀ òfin ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ní May 2000, ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Ontario, òjò ńlá gbé ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú. Kòkòrò E. coli wọ inú omi, èèyàn 7 kú, àwọn tó ṣàìsàn lé ní 2,300. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn tó ń bójú tó omi máa ń kọ iye kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, tí wọn kò wọ̀n sínú ìwé. Ontario kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 2002 wọ́n ṣe òfin omi mímu tó le: ẹni tí yóò fọwọ́ kan omi ìlú gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà dé ẹnu ààlà ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ó dúró. Láti 1867 ni ìwé òfin Kánádà ti fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ilẹ̀ wọn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Omi mímu sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, òfin òun ò dé ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò sì ní òfin omi tirẹ̀ fún wọn. Àwa tí a ń gbé ní Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tó ní kòtò tó lè gbé ọkọ̀ mì: bí ẹ bá ké sí ìpínlẹ̀, wọ́n á ní ti Abuja ni, bí ẹ bá ké sí Abuja, kò sẹ́ni tó gbé fóònù.

Ó tó October 2005 kí Kashechewan, ìlú ọmọ ìbílẹ̀ kan ní àríwá Ontario kan náà, tó dé inú ìwé ìròyìn. E. coli tún ni, ọkọ̀ òfurufú ló kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kúrò. Ẹnu páìpù tó ń fa omi wọn wà nísàlẹ̀ odò, ibi tí ẹ̀gbin ìlú ń dà sí wà lókè rẹ̀. Mo ka ibẹ̀, mo rántí gbogbo ilé tí mo ti rí ṣọ́kàwéè lókè, kànga nísàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Àmọ́ tiwa, onílé ló ṣe é fún ara rẹ̀. Tiwọn, ẹlòmíràn ló yà á sórí ìwé fún wọn, tó sì fọwọ́ sí i.

Ní 2013 wọ́n ṣe òfin kan fún wọn níkẹyìn. Àwọn First Nations kò gbà á, wọ́n ní òfin náà di ẹrù lé àwọn lórí, kò fi owó tì í. Wọ́n fagi lé e ní 2022. Òmíràn dé iwájú ilé aṣòfin ní December 2023, C-61 ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n ti ilé aṣòfin pa ní January 2025, ó kú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí owó, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní 2021, ọ̀gá àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìjọba Kánádà wò jábọ̀ pé ìṣirò tí wọ́n fi ń pín owó ìtọ́jú ẹ̀rọ omi fún àwọn ìlú wọ̀nyí, 1987 ni wọ́n ti ṣe é, wọn kò tún un ṣe láti ìgbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún sì rèé, 80 nínú 100 ohun tí ìṣirò náà bá mú wá ni ìjọba ń san, kí ìlú wá ìyókù. Ó tún ní owó oṣù àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ omi níbẹ̀ fi 30 nínú 100 kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Wọn á kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́, ọmọ á mọ̀ ọ́n, ìlú ńlá á fi owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ pè é, ọmọ á lọ. Ẹ̀rọ á wà láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Neskantaga, ìlú ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Ontario, ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Ní 1993 ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ omi fún wọn. Kò pé ọdún méjì, ìkìlọ̀ bọ́ sórí omi náà, February 1995. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó bí ọmọ báyìí, kò sì tíì mu omi ẹ̀rọ ìlú rẹ̀ láìsè rí. Ní October 2020, wọ́n rí ohun tó ń dán bí epo lójú omi tí wọ́n tọ́jú pamọ́, wọ́n ti omi pa, wọ́n kó ará ìlú lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Thunder Bay. December ni wọ́n tó padà sílé. Ilé-iṣẹ́ omi ọ̀hún wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí o. Ó dá mi lójú pé wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù sí i.

Abúlé kan wà lọ́nà Ìdànrè tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn, wọ́n kun orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ gàdàgbà sára òpó tánkì, ọ̀dà náà ṣì ń dán. Ọlọ́jà abúlé náà ló pè mí pé omi kò jáde mọ́. Àwa mẹ́rin la fa páìpù náà jáde, tí à ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpẹtà pupa ń kùn wá lọ́wọ́. Nígbà tí sùmó yọrí, kò pẹ́ kí n tó mọ̀: òórùn kóìlì tó jó kò ṣeé ṣì mọ̀. Wáyà ojú omi, èyí tó yẹ kó pa ẹ̀rọ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, ti já. Wọ́n ń fà á láti àfẹ̀mọ́júmọ́ láì jẹ́ kí kànga sinmi, omi sọ̀ kalẹ̀, sùmó ń yí nínú afẹ́fẹ́ títí tó fi jó.

Mo béèrè ẹni tó ń bójú tó o. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ni, àwọn tó gbẹ́ kànga mú un wá sí Àkúrẹ́, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ, ìgbà tó yẹ kó pa á, bí wọ́n ṣe ń fọ tánkì. Wọ́n ṣèlérí owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Owó náà kò wá. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Àkúrẹ́ báyìí, mo tiẹ̀ mọ ibùdó rẹ̀. Mo lọ bá a. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀ pé wáyà yẹn máa já, mo ti sọ fún wọn. Ṣé kí n máa fi ebi ṣọ́ omi ni?" N kò rí èsì fún un, èmi náà kì í fi ebi tún sùmó ṣe.

Àwọn ará abúlé ti padà sí odò. Odò náà kò jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún fùfú, màlúù àwọn darandaran náà ń mu níbẹ̀. Mo máa ń mú àwọn ìgò kékeré kan dání tí wọ́n ti fi oògùn sí nínú. Ẹ ó bu omi sí i, ẹ ó dé e, ẹ ó gbé e síbi tí kò tutù, bí ohun tó ti inú ìgbẹ́ wá bá ti wọ omi náà, á dúdú. Mo bu ti odò yẹn, mo gbé e sórí pèpéle Ọlọ́jà. Ọjọ́ kejì ó ti dúdú bí táyà. Ìyá àgbà kan mú un, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọmọ mi, odò yìí la mu dàgbà." Ó wá ká ìró sókè díẹ̀, ó fi àpá kan hàn mí ní ọrùn ẹsẹ̀, ibi tó wú tó sì jin sínú. "Sòbìyà ló gba ibẹ̀ yọ. Mi ò lè lọ sóko fún odidi àkókò iṣu."

Àwọn ọmọ wa ò mọ sòbìyà mọ́, aràn gígùn tó ń ti inú omi mímu wọ ara tó sì ń gba ẹsẹ̀ yọ, ìyẹn sì ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ètò omi wò dáadáa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní in ní Nàìjíríà lé ní 650,000, kò sí orílẹ̀-èdè tó ní i tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn, November 2008 ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé pé ó ti tán. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń wò ó. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, àti oògùn tí wọ́n ń dà sí odò, àti kànga, àti pàápàá jù lọ ará abúlé tí wọ́n yàn ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń béèrè ẹni tó ń ṣe, tó ń wo asẹ́ bóyá ó ti ya. Ọ̀gágun Yakubu Gowon fúnra rẹ̀ ń lọ sí abúlé nítorí rẹ̀. Àwọn tó ń bá sòbìyà jà ń padà wá ni. Wọ́n padà wá títí sòbìyà fi tán, wọ́n tún padà wá láti rí i pé ó ti tán lóòótọ́. Ẹ sọ fún mi, kànga ẹ̀rọ wo lẹ mọ̀ tí ẹni tó gbẹ́ ẹ padà wá wò lẹ́yìn ọdún kan?

Àbúrò mi kò fara mọ́ ọn pé mo ń fi Kánádà wé wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi wọ́n wé wa o, àwọn yẹn rí ẹni pè lẹ́jọ́." Òótọ́ ló sọ. Ìlú ọmọ ìbílẹ̀ mẹ́ta, Curve Lake, Neskantaga àti Tataskweyak, ló gbé ìjọba Kánádà lọ sílé ẹjọ́. Ní December 2021 ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù 8 dọ́là: bílíọ̀nù 1.5 owó gbà-má-bínú, ó kéré tán bílíọ̀nù 6 fún iṣẹ́ omi gan-an. Tiwa ńkọ́? Ìwé òfin 1999, abala 20, sọ pé ìjọba yóò dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ló wà, abala 6 inú ìwé kan náà sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fi Orí Kejì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ìyá tó ní àpá sòbìyà lẹ́sẹ̀ yẹn, adájọ́ wo ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?

Síbẹ̀, n kò lè dúró de adájọ́ kí n tó tún sùmó ṣe. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé báyìí ni pé n kò ní fa páìpù abúlé kankan jáde kí n tó jókòó pẹ̀lú wọn lórí owó. Ta ni yóò máa gbà á, ta ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, èló ni ẹni tó ń tan ẹ̀rọ yóò máa gbà. Àwọn kan ti lé mi padà nítorí rẹ̀, wọ́n ní oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, kì í ṣe akápò. Mo gbà, mo gun ọkọ̀ mi padà sílé.

Abúlé ọ̀nà Ìdànrè gbà láti jókòó. Obìnrin ni wọ́n fi ṣe akápò, ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn, nítorí àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń pọnmi, àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì kan sí 50 náírà. Ọlọ́kadà náà ní òun á padà bí wọ́n bá san owó oṣù méjì sílẹ̀ fún òun, kì í ṣe ìlérí. Wọ́n bá a dúnàá-dúrà, ó gba oṣù kan ààbọ̀. Mo fi sùmó tuntun sí i, mo so wáyà ojú omi tuntun, mo kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n jẹ́ kí kànga sinmi ní ọ̀sán.

Ìjà tó kù nílẹ̀ ni ti ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí àwọn ọmọ máa mu lọ́fẹ̀ẹ́. Akápò ní ta ni yóò wá ra epo tí àwọn ọmọ mu? Ẹnìkan ní kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pín in san, ìmáàmù ní àwọn ti ń ra omi àlùwàlá, àwọn ò lè san méjì. Ọlọ́jà ní kí n wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ kí n bá wọn ṣírò iye epo tí kẹ́ẹ̀gì ogún ń jẹ. Mo ti sọ fún un pé mo ń bọ̀, kí wọ́n kó ìwé owó dání.